Àrẹdú Ló Yà Á

Ọwọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Aṣọ tó bo ẹnu ọ̀nà yàrá òkùnkùn mì, ọwọ́ méjì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dúdú láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, wọ́n di gíláàsì tútù kan mú létí létí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹni tó ni ọwọ́ tẹ̀lé e jáde. Oòrùn ta á lójú, ó ṣẹ́jú díẹ̀, ó gbé gíláàsì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn láyé.

Oníférémù ni ọkùnrin náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ férémù ilé fọ́tò yìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó ti darúgbó, ìwọ̀n ló wá gbà lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí ó rí ọwọ́ tó dúdú tó bẹ́ẹ̀, ó rò pé ọmọbìnrin náà ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìnkùlé ni, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró.

“Àrẹdú o.”

Ọmọbìnrin náà gbé gíláàsì náà sí ibi tí yóò ti gbẹ, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá yíjú sí i.

“Ta ni aláró níbí?”

“Ẹ má bínú. Ọwọ́ yín ni mo rí.”

“Oògùn fọ́tò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kan ara, ọṣẹ kankan ò lè bọ́ ọ. Fọ́tò ni mò ń yà. Orí gíláàsì yìí ló máa ń kọ́kọ́ hàn sí ká tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.”

Oníférémù rẹ́rìn-ín. “Mo ṣebí bàbá yín ni onífọ́tò.”

“Ẹ ti rí ọwọ́ bàbá mi?”

Ó ti rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ náà rọ̀, ó mọ́ tónítóní, èékánná rẹ̀ funfun. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà.

“Ẹ jẹ́ kí n tún yín kí,” ó ní. “Ẹ kú iṣẹ́ o, onífọ́tò.”

“Ẹ ṣeun. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ ọ́.” Ẹ̀rín díẹ̀ ń yọ́ bọ̀ létí ẹnu rẹ̀. “Àrẹdú yẹn náà ò burú. Ẹ lè máa pè mí bẹ́ẹ̀.”

Bí ó ṣe di Àrẹdú nìyẹn, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ilé yìí ṣe rí. Inú ń bí mi sí i, n kò sì ní fi pamọ́. Nígbà tí fọ́tò yíyà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yẹn, tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé kámẹ́rà ń gbé ẹ̀mí ẹni lọ, obìnrin kan ló ni kámẹ́rà. Bàbá rẹ̀ tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ ló gbé e bọ̀ fún un láti ìdálẹ̀. Obìnrin náà kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó fi jó ọwọ́, ó fi ba ojú jẹ́, òórùn oògùn kó ikọ́ sí i láyà. Lẹ́yìn náà ni ó wá lọ́kọ. Ọkọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, kóòtù sì yẹ ẹ́. Òun ló ń dúró ní iwájú ilé kí àwọn oníbàárà káàbọ̀, òun ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ìyàwó wà nínú òkùnkùn, lábẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà tàbí nínú yàrá tó ti ń fọ fọ́tò, àwọn èèyàn sì rò pé ó kàn ń ran ọkọ lọ́wọ́ ni. Kò pẹ́, wọ́n kọ orúkọ ọkọ sára ògiri. Kò pẹ́, gbogbo ìlú ń pè é ní Bàbá Onífọ́tò. Kí ni wọ́n wá ń pe ìyàwó? Ìyàwó Onífọ́tò ni. Ẹ má retí pé n ó fi ‘wọn’ bọ̀wọ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Nílé yìí, òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ rí oòrùn. Nígbà tí ojú ìyá kò ríran dáadáa mọ́, ó kọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí níṣẹ́ náà. Ọmọ wọ inú òkùnkùn, ìyá jókòó sẹ́yìnkùlé ó ń wúkọ́. Bàbá kò kúrò ní iwájú ilé. Àwọn èèyàn ń sọ pé bó ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dára sí i, iṣẹ́ tí kò fọwọ́ kàn rí.

Bí iṣẹ́ férémù ṣe rí nìyí: bí wọ́n bá ti ki fọ́tò bọ inú rẹ̀, wọ́n á fi ìwé líle lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa kí eruku má baà wọlé. Orí ìwé líle yẹn ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ Bàbá sí. Nítorí náà, oníférémù ni ẹni ìkẹyìn tó ń rí ẹ̀yìn fọ́tò. Àrẹdú mọ èyí. Kò pẹ́ sí ọjọ́ tí wọ́n pàdé tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síbẹ̀.

Lẹ́yìn fọ́tò adájọ́, ó kọ ọ́ pé: “Ọkùnrin yìí sùn lọ níwájú mi, mo ní láti fọwọ́ lu kámẹ́rà gbàgà kó tó jí. Àrẹdú ló yà á.” Lẹ́yìn ti tọkọtaya kan, ó kọ ọ́ pé: “Ìyàwó ti ń sunkún kí wọ́n tó wọlé. Mo dúró títí ojú fi gbẹ. Àrẹdú ló yà á.” Oníférémù yóò máa dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọjá yóò máa wò ó. Nígbà tó yá, kì í lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí fọ́tò mìíràn yóò fi dé. Ní ọjọ́ kan ó yí ọ̀kan padà, ó rí i pé: “Férémù tó kọjá wọ́. Ṣé àárẹ̀ ló mú ọ ni, àbí ìfẹ́? Àrẹdú ló yà á.”

Ó sáré lọ sí ilé fọ́tò, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lórí rẹ̀.

“Férémù wo ló wọ́?”

“Kò sí èyí tó wọ́. Mo kàn fẹ́ mọ bí o ṣe máa yára tó ni.”

“Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí.”

“Ẹni tó ń kú kì í sáré báyìí.”

Ọkùnrin náà di ọwọ́ dúdú rẹ̀ méjèèjì mú. Àrẹdú kò fà á. Àwọn ọkùnrin tó ti wá a rí máa ń wo ojú rẹ̀, wọn a sì mójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Èyí wo ọwọ́ náà ìka kan tẹ̀lé òmíràn, ó ní, “Èyí tó dúdú jù ni mo fẹ́ràn jù.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn yóò fẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Lẹ́yìn tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò tán, tí ó ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, yóò fi gọ́ọ̀mù pa ìwé líle, yóò lẹ̀ ẹ́ bo ohun tí Àrẹdú kọ, yóò sì lu òǹtẹ̀ Bàbá lé e. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó lọ tọrọ Àrẹdú lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá ní ọmọ òun kò tíì tó lọ sílé ọkọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ń pọn ọmọ kejì. Télọ̀ kan ti wá rí, tíṣà kan ti wá rí, ìdáhùn kan náà ni wọ́n gbà lọ. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe bàbá náà. Ìfẹ́ kọ́. Bí Àrẹdú bá lọ, ta ni yóò ya fọ́tò? Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ jáde nìyẹn.

Ní àkókò náà ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fẹ́ kí fọ́tò àwọn èèyàn pàtàkì ìlú kún ara ògiri rẹ̀. Àrẹdú yà wọ́n. Oníférémù ṣe férémù wọn. Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, Bàbá ránṣẹ́ pè é sí pálọ̀.

“Jókòó, ọmọ mi.” Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. “Mo ti rò ó. Màá fún ọ ní ìyàwó.”

Oníférémù dọ̀bálẹ̀ kí ó tó gbọ́ ìyókù.

“Dìde. Ó máa máa wá síbí lójoojúmọ́ bó ṣe ń ṣe yìí, ọ̀rọ̀ abẹ́lé wa á sì wà lábẹ́lé. Ohun kan tún wà. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti òkèèrè fún ìṣílé gbọ̀ngàn. Ó ń kọ ìwé nípa àwọn tó kọ́kọ́ ya fọ́tò. Ìwọ lo ṣe férémù, ó ṣeé ṣe kó bi ọ́ pé ta ló yà wọ́n. O mọ ohun tí wàá sọ.”

Ó yẹ kí ó dìde kí ó jáde. Èmi ì bá jáde. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí ilé tí wọn yóò jọ máa gbé, ó ti ń gbọ́ ohùn Àrẹdú nínú rẹ̀, ìfẹ́ sì lè sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀.

“Mo gbọ́, sà,” ó ní.

Ní ọjọ́ ìṣílé, Bàbá mú kí Àrẹdú wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ ọmọ ilé rere. Wọ́n gbé àwo omi lé e lọ́wọ́ kí ó máa gbé e fún àwọn àlejò, nínú gbọ̀ngàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kún láti igun dé igun. Bàbá dìde, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ọwọ́ òun méjèèjì àti ohun tí ojú wọn ti rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkùnrin òkèèrè náà ń rìn láti ara fọ́tò kan dé òmíràn pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níwájú àgbà agbẹ̀bí kan tí Àrẹdú yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ wà lórí ọwọ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì wà nínú òjìji.

“Ẹni tó ya èyí mọ ohun tó ń ṣe,” ó ní. Ó wo Bàbá, ó wo ọwọ́ Bàbá, ó wá yíjú sí Oníférémù tó dúró nítòsí. “Ìwọ tí gbogbo fọ́tò yìí ń gba ọwọ́ rẹ kọjá, ta ló yà wọ́n?”

Àrẹdú ti gbọ́. Ó dúró pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́, ó ń wo olólùfẹ́ rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ayé rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìdáhùn rí.

“Bàbá ni, sà,” ni Oníférémù wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àrẹdú gbé àwo omi sílẹ̀ sáàárín àwọn èèyàn pàtàkì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì sínú omi náà, ó sì jáde.

Oníférémù bá a ní ẹ̀yìnkùlé ilé fọ́tò. Ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ́kọ́ sọ.

“Àrẹdú mi, bàbá ti gbà. A lè ṣègbéyàwó.”

“Kí lo fún wọn?”

“Kí ni mo fún wọn báwo?”

“Bàbá mi kì í fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lo fún wọn?”

Ó wolẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, olólùfẹ́ mi. Èmi àti ìwọ kúkú mọ òótọ́.”

“Èmi àti ìwọ. Màmá mi àti ọkọ wọn náà kúkú mọ òótọ́.” Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. “Mo rò pé ẹnì kan ń kà mí. O ń kà mí lóòótọ́. O ń kà mí, o ń rẹ́rìn-ín, o ń fi gọ́ọ̀mù bò mí mọ́lẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni, pé kò sí ohun tó o lè ṣe sí i. Lónìí wọ́n bi ọ́. Wọ́n fi ẹnu wọn bi ọ́.”

“Torí kí n lè fẹ́ ọ ni mo ṣe ṣe é.”

“Èmi lo fi ra èmi. Bó o bá ti san mí tán, ta ló kù tó o fẹ́ gbé sílé?”

Àrẹdú ní kí ó máa lọ, ó sì lọ.

Àrẹdú kò wọ yàrá òkùnkùn ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá wúkọ́, ó sinmi, ó wá sọ̀rọ̀.

“Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ sọ pé òun ló ya fọ́tò, èmi ló fi gbà sílẹ̀. Oníbàárà kan ò fẹ́ jókòó níwájú obìnrin. Bàbá rẹ sọ ọ́, ó ṣẹ́jú sí mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ mi mà fẹ́ràn mi o. Ìgbà kejì, kò ṣẹ́jú sí mi mọ́.”

“Inú ò bí yín ni, Màmá?”

“Ó bí mi. Mo gbé e mì. Ó lè jẹ́ òun ni mò ń wú láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe oògùn.” Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọmọ rẹ̀, dúdú lórí dúdú. “Má gbé tìẹ mì o.”

Láàárọ̀ yẹn kan náà, Oníférémù wà níwájú ilé tí ọkùnrin òkèèrè náà wọ̀ sí. Ọkùnrin náà ń jẹun lọ́wọ́. Oníférémù sọ ohun gbogbo fún un, ó sọ ti ìyá, ó sọ ti ọmọ, ó ní irọ́ ni òun pa.

“Àwọn obìnrin máa ń ran ọkọ àti bàbá wọn lọ́wọ́ dáadáa,” ni àlejò náà wí. “Ohun tó dára ni.”

“Wọn ò ràn án lọ́wọ́, sà. Àwọn ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lánàá.”

“Ọ̀rẹ́ mi, èwo ni kí n gbà, ọ̀rọ̀ tó o sọ níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, àbí èyí tó o wá sọ lẹ́nu ọ̀nà mi?” Ó tún fa àwo oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra.

Láti ibẹ̀, Oníférémù kọjá sí ilé fọ́tò. Àwọn oníbàárà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá dúró láàárín wọn pẹ̀lú kóòtù, ó ń dá wọn lára yá torí kò sẹ́ni tí yóò ya fọ́tò.

“Bàbá, mo wá dá ọ̀rọ̀ yín padà. Irọ́ ni mo pa ní gbọ̀ngàn. Àrẹdú ló ya gbogbo wọn. Kí iṣẹ́ tó kàn án, Màmá ló ń yà wọ́n. Bí ẹ ò bá fún mi ní ìyàwó mọ́, mo gbà. Mi ò ní lẹ ìwé bò ó mọ́ láyé mi.”

Bàbá rẹ́rìn-ín fún àwọn oníbàárà. “Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tí wọn ò fún níyàwó ni, orí rẹ̀ ti dàrú.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Aṣọ ẹnu ọ̀nà mì, ìyá jáde.

“Orí rẹ̀ pé,” ó ní. Ó fi ojú rẹ̀ tó ti ṣú wá bẹ́ǹṣì náà, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó mọ̀. “Alàgbà, ìgbà tí mo ya ìyá yín, ọmọdé ni yín, ẹ jókòó sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ ò yé mira. Mo jáde lábẹ́ aṣọ, mo gbá yín létí.”

Alàgbà náà fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó wo Bàbá, ó wo ìyá. “Obìnrin ni,” ó ní jẹ́jẹ́. “Lóòótọ́, obìnrin ló wà lábẹ́ aṣọ.” Ẹ̀rín tán lórí bẹ́ǹṣì.

Ìyá pe ọmọ rẹ̀. “Wá tú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà dúró lé yìí. Kámẹ́rà bàbá mi ni.”

Bàbá Onífọ́tò yà kúrò lọ́nà. Ìyá àti ọmọ gbé kámẹ́rà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé àbúrò ìyá.

Oníférémù kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́. Ó ṣí lára òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ó fi pákó gé igun kan sọ́tọ̀ fún yàrá òkùnkùn, ó ní kí ìyá àti ọmọ máa lò ó. Àrẹdú gbà, ṣùgbọ́n bí ayálégbé ló ṣe gbà á. Ó ń kí i ní àárọ̀, ó ń kí i ní ìrọ̀lẹ́. Kò kọ ohunkóhun sẹ́yìn fọ́tò mọ́. Iwájú ló ń kọ orúkọ sí, nísàlẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i. Àwọn oníbàárà kan tẹ̀lé wọn. Ọ̀pọ̀ dúró ti Bàbá, tó ti wá ọkùnrin kan tó mọṣẹ́ díẹ̀ díẹ̀ wá.

Ìwé ọkùnrin òkèèrè náà jáde. Fọ́tò agbẹ̀bí wà nínú rẹ̀, orúkọ Bàbá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kà á káàkiri. Wọ́n ṣì ń kà á, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Oníférémù fúnra rẹ̀ ló rà á, òun ló sì gbé e wá fún Àrẹdú. Ó ṣí i sí ojú ewé náà, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Èmi ni mo fi í síbẹ̀,” ó ní. “Mi ò lè yọ ọ́.”

Kò bẹ̀bẹ̀, kò wí àwáwí. Àrẹdú kà á tán. Ó pa ìwé náà dé.

“Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn,” ó ní. “Gbé àgbọ̀n sókè. Má mira, má sọ̀rọ̀, títí màá fi da ìdérí bo ojú kámẹ́rà padà. Bó o bá mira pẹ́nrẹ́n, o ti bà á jẹ́ nìyẹn.”

Ó jókòó. Àrẹdú wọ abẹ́ aṣọ, ó tún ojú kámẹ́rà ṣe, ó jáde, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó ń wo ọkùnrin tí kò gbọ́dọ̀ mira.

“Mo ṣì ń bínú sí ọ,” ó ní. “Mo ń bínú sí bàbá mi, mo ń bínú sí ọkùnrin onígíláàsì yẹn. Ìwé yẹn ò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rò pé inú mi máa rọ̀ sí i láéláé. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa dá bínú. Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi, ká jọ máa bínú?”

Omi lé ròrò lójú ọkùnrin náà. Ó gbìyànjú, mo jẹ́rìí sí i pé ó gbìyànjú.

“Màá fẹ́ ọ,” ó ní. Nígbà tó ti la ẹnu, kò lè pa á dé mọ́. “Àrẹdú, màá fẹ́ ọ. Lónìí, lọ́la, ìgbàkígbà tó o bá ní kí n wá.”

“O ti ba gíláàsì mi jẹ́.”

“Ya òmíràn.”

“Dìde níbẹ̀, jàre.” Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní ọrùn ọkùnrin náà, ó sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fọ gíláàsì náà tán, ìyá gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀. Ejìká hàn, kóòtù hàn títí dé bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹnu wà, èéfín lásán ló wà níbẹ̀.

“Ta lẹni yìí tí kò lẹ́nu?” ó béèrè.

“Ọkọ mi ni, Màmá.”

Gíláàsì wọ́n. Èyí tó bá ti bàjẹ́, wọn a máa nù ún kúrò kí wọ́n lè fi ya ẹlòmíràn, Àrẹdú sì ti mú àkísà dání. Ìyá gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.